Asbestos Lẹ́nu Iṣẹ́ n'Ìbàdàn: Ìbéèrè Tó Ń Jẹ Yọ Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn káfíńtà, mẹkáníìkì, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ àti onílé ló ń bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣáá. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn.

Kí ni asbestos gan-an?

Òkúta ni, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Àmọ́ bí wọ́n bá fọ́ ọ, kì í rún bí òkúta yòókù. Ńṣe ló ń ya sí fọ́nrán tín-ín-rín tó tiẹ̀ ṣeé hun ní aṣọ. Iná kì í jó o, omi kì í jẹ ẹ́, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á. Ìyẹn ló mú kí àwọn iléeṣẹ́ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá.

Oríṣi mẹ́fà ló wà. Èyí funfun tó ń jẹ́ chrysotile ni wọ́n lò jù káàkiri ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé funfun kò léwu, ẹ má gbà: gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Nínú páànù òrùlé, sìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù; asbestos inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìpín 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpín kékeré yẹn náà ló ń ṣọṣẹ́.

Níbo la ti lè bá a pàdé n'Ìbàdàn?

Ilé tí wọ́n kọ́ láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1980 ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Bódìjà, quarters ìjọba, kíláàsì ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àtijọ́, àti ilé ìkẹ́rùsí. Ó lè jẹ́ páànù òrùlé, ó lè jẹ́ àjà, ó lè jẹ́ páìpù omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe ilé nìkan. Ó wà nínú páàdì bíréèkì àti clutch ọkọ̀ àtijọ́, nínú gáásìkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì, nínú okùn tí wọ́n fi ń dí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń gbóná, àti lára ohun tí wọ́n fi ń wé páìpù bọ́ílà kí ooru má baà jáde. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé lè má gun òrùlé rí, kó sì ti fa asbestos símú ju káfíńtà lọ.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?

Ojú lásán kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré ní yàrá àyẹ̀wò ló ń ṣe é. Ohun tí ojú lè ṣe ni kó fura. Páànù òrùlé rẹ̀ nípọn, ó wúwo, àwọ̀ eérú ni, èéhù dúdú sì ti bò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Àjà rẹ̀ jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Bí ẹ bá rí etí ibi tó ti kán látijọ́, ẹ lè rí àwọn irun funfun kéékèèké tó yọ síta.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé páànù ìgbàlódé tí kò ní asbestos nínú rárá jọ ọ́ gan-an, orúkọ kan náà sì ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní ìwé tó sọ ọdún tí wọ́n kan án àti ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú un bí asbestos títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ wò.

Òrùlé ilé mi ní asbestos. Ṣé kí n kó jáde ni?

Rárá. Páànù tí kò ya, tí kò rà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, kì í tú fọ́nrán tó pọ̀ sílẹ̀. Gígé, lílu, fífọ́, fífi yanrìn-pépà ha á, fífi omi alágbára fọ èéhù orí rẹ̀, àti gbígbá àfọ́kù rẹ̀ ní gbígbẹ ló ń tú u. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà bó bá ṣì dára, ẹ má ha á kí ẹ tó kùn ún. Kí gbogbo ẹni tó ń gun orí rẹ̀, títí kan ẹni tó fẹ́ gbé sólà àti dísíìṣì tẹlifíṣọ̀n sí i, mọ ohun tó ń tẹ̀.

Kí ló ń ṣe nínú ara?

Fọ́nrán tó ń pani kò ṣeé fi ojú rí. Ó ń gba imú wọlé lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń dúró síbẹ̀ bí ẹ̀gún tó ṣẹ́ sínú ẹran. Ara kò lè yọ́ ọ, kò sì lè lé e jáde tán. Lọ́dún dé ọdún ni ibẹ̀ á máa wú, táá máa dápàá.

Ohun tó ń yọrí sí pọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró lè gan, kí èémí máa kúrú sí i lójoojúmọ́. Asbestosis ni orúkọ èyí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bẹ. Mesothelioma, tí í ṣe jẹjẹrẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, ń bẹ, asbestos sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó tún ń fa jẹjẹrẹ gògóńgò àti ti ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń pa ju 200,000 ènìyàn lọ lọ́dọọdún.

Bàbá mi fi gbogbo ayé wọn kan àjà, wọn ò sì ṣàìsàn. Ṣé kì í ṣe àsọdùn ni?

Inú mi dùn pé ara bàbá yín dá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fà á símú ló ń ṣàìsàn. Bí eruku náà ṣe pọ̀ tó àti iye ọdún tí ènìyàn fi fà á ló ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ọdún 10 sí 40 ló sábà máa ń wà láàárín eruku àti àìsàn. Ti mesothelioma lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní 1985 lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wúkọ́ báyìí.

Àwọn tó sì ti kú ńkọ́? Wọ́n á ní ikọ́ ife ni, tàbí ọjọ́ orí, tàbí ayé ni. Ta ló bi ìdílé wọn pé irú iṣẹ́ wo ni olóògbé ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún? Bí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, a ò ní rí wọn kà, a ó sì máa sọ pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ìwọ̀n eruku wo ni kò lè pa èèyàn lára?

Kò sí ìwọ̀n kankan tí wọ́n rí tó láàbò pátápátá. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ààlà sí i: ní Amẹ́ríkà, fọ́nrán 0.1 nínú sẹ̀ntímítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, ní ìṣirò wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́. Ní 2023, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fa tiwọn wálẹ̀ láti 0.1 sí 0.01. Ààlà tí wọ́n ń fà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé àṣẹ pé kí ẹ fà á dé ibẹ̀. Ohun tí ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lépa ni pé kí eruku má dìde rárá.

Káfíńtà ni mí. Wọ́n ní kí n tú òrùlé asbestos. Báwo ni kí n ṣe é?

Bí ẹ bá lè rí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí, òun ni kó ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n'Ìbàdàn, bí ìjì bá ti ká òrùlé ní oṣù kẹta, káfíńtà àdúgbò ni wọ́n ń pè, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ kí onílé àti àwọn ọmọdé kúrò nílé kí ẹ tó gbé àkàbà. Ẹ ti fèrèsé. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sílẹ̀ yí ilé ká, ẹ kó oúnjẹ àti aṣọ tó wà lórí okùn kúrò.

Omi ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rọ ọ́ sínú táńkì àgbékọ́yìn tí àgbẹ̀ fi ń fín oògùn (tuntun ni o, kì í ṣe èyí tó ti gbé oògùn rí), kí ẹ máa fín in wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí páànù, lókè àti lábẹ́, títí yóò fi rin. Ẹ má ṣe fi agbára omi gbá a. Ẹ fa ìṣó yọ, tàbí kí ẹ gé orí ìṣó náà, kí páànù bọ́ lódidi. Òòlù tí a fi ń gbá a wó lulẹ̀ ló ń sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di àìsàn ogún ọdún. Ayùn oníná àti gíráńdà kò gbọ́dọ̀ kàn án láéláé.

Ẹ má ṣe tẹ orí páànù náà rárá. Ó ti gbó, ó ń kán lójijì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti ti ibẹ̀ já bọ́ kú, kí ọ̀rọ̀ eruku tó dé rárá. Ẹ tẹ́ pákó lé orí igi òrùlé, kí ẹ dúró lórí pákó. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni kí ẹ fi sọ páànù kalẹ̀. Ẹ má jù ú.

Bí ẹ bá parí, kò sí ìgbálẹ̀ níbẹ̀. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, kí àkísà náà sì bá ìdọ̀tí lọ. Ẹ wẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ kí ẹ tó gun ọ̀kadà lọ sílé.

Ìbòmú tí a lò nígbà kòrónà, ṣé ó tó?

Kò tó. Aṣọ àti ìbòmú dókítà kò lè dá fọ́nrán yìí dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀, fọ́nrán náà sì kéré ju ojú aṣọ lọ. Èyí tí wọ́n kọ FFP3 sí lára, tàbí ìbòmú onírọ́bà tó ní àsẹ́ P100, ni kí ẹ bèèrè. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú típẹ́típẹ́, irùngbọ̀n kì í sì í jẹ́ kó lẹ̀.

Ọ̀gá tó bá ra ìbòmú fún òṣìṣẹ́, tó sì gbé gíráńdà lé e lọ́wọ́, kò tíì dáàbò bò ó. Ìbòmú ló ń kẹ́yìn lẹ́yìn omi, lẹ́yìn irinṣẹ́ ọwọ́, lẹ́yìn fífi páànù sílẹ̀ lódidi.

Ọmọ iṣẹ́ ló máa ń kó àfọ́kù. Ṣé ewu wà fún un?

Òun gan-an ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀gá wà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, níbi tí eruku ń bọ́ sí, ó ń fi ọwọ́ ṣa á, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ọmọ ọdún 16 sì ní ọdún púpọ̀ níwájú tí àìsàn náà lè fi dàgbà nínú rẹ̀.

Ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ fi ọkàn tán ọ̀gá ni. Mo bẹ yín, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 wà níbi tí ẹ ti ń tú asbestos. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà.

Mẹkáníìkì ni mí. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Bíréèkì. Bí ẹ bá tú àgbá ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́, eruku dúdú tó wà nínú rẹ̀ lè ní asbestos. Ohun tí a sì ń ṣe ni pé a ó fa ẹnu kọ̀mpírẹ́sọ̀ wá, a ó fẹ́ ẹ, fúú, gbogbo rẹ̀ á gba ojú ẹni tó tẹ̀ síbẹ̀, á sì tàn dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jáwọ́ nínú èyí lónìí. Ẹ fi omi ọlọ́ṣẹ rin ín, ẹ fi àkísà nu ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá.

Ní Àràrọ̀mí àti níbòmíràn tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ máa bèèrè páàdì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní asbestos. Èyí tí kò ní páálí, tí kò ní orúkọ, àti tòkunbọ̀ tí a kò mọ ọdún rẹ̀, ẹ má fi yanrìn-pépà tàbí fáìlì ha ojú wọn.

Ìyàwó mi ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi. Ṣé kò burú?

Ó burú. Àwọn obìnrin tí kò wọ iléeṣẹ́ asbestos rí ti ní mesothelioma níbi tí wọ́n ti ń gbọn aṣọ ọkọ wọn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́; àkọsílẹ̀ ìṣègùn kún fún un ní ilẹ̀ òkèèrè. Aṣọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró síbi iṣẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ ti inú ọ̀rá kó o sínú omi ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀, láìgbọ̀n ọ́n, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ̀yin fúnra yín.

Níbo ni ká da àfọ́kù rẹ̀ sí?

Ẹ má sun ún. Kì í jó, ooru á mú kó bú, kó sì fọ́n ká. Ẹ má fi dí kòtò ojú ọ̀nà, ẹ má rún un sínú ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má kó o fún ẹni tó fẹ́ fi bo ilé adìẹ. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì ní tútù, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ ASBESTOS sí i gàdàgbà.

Ààtàn ìjọba ní Awótàn, Lápítẹ̀, Àjàkáńgà àti Àbá-Ẹ̀kù ní àwọn tó ń ṣa irin àti ike lórí wọn lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá kàn da asbestos síbẹ̀, a ti gbé e fún wọn. Kí ẹ tó kó o jáde, ẹ lọ bá iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ìdọ̀tí kí wọ́n fi ibi tí wọn yóò rì í mọ́lẹ̀, tí wọn yóò sì fi erùpẹ̀ bò ó, hàn yín.

Kí ni kí n sọ fún dókítà?

Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, kì í ṣe èyí tí ẹ ń ṣe báyìí nìkan. Ẹ dárúkọ asbestos. Bí èémí bá ń kúrú tí ẹ bá gun òkè Màpó, bí ikọ́ kò bá lọ, bí àyà bá ń dunni tàbí tí ẹ ń rù, ẹ lọ sí UCH tàbí Ilé Ìwòsàn Àyà ti ìjọba ní Jẹ́ríkò. Fọ́tò àyà àti àyẹ̀wò bí èémí ṣe lágbára tó ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń yọ fọ́nrán kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ má náwó sórí àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ̀ ọ́. Sìgá ni kí ẹ pa tì kíá: ẹni tó ń mu sìgá, tó tún ń fa asbestos símú, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ ga fíìfíì ju ti ẹni tó ní ọ̀kan péré nínú méjèèjì.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ, kí ló sì kù díẹ̀ káàtó?

Òfin iléeṣẹ́ ẹ̀rọ, Factories Act ti 1987, pàṣẹ pé kí ọ̀gá iléeṣẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ eruku tó lè pa wọ́n lára, ó sì fún àwọn alábẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Nàìjíríà tún fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé (ILO), èyí tó dá lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, ní 1994.

Iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ òfin yẹn fún. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí wọ́n ti ń wó ilé, ibẹ̀ gan-an ni asbestos wà báyìí, ibẹ̀ ni òfin náà kò sì dé dáadáa. Ní 2012, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin ààbò òṣìṣẹ́ tuntun tí yóò kárí ibi iṣẹ́ gbogbo. Kò di òfin. Ohun tó yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n má wó ilé kankan láìyẹ asbestos inú rẹ̀ wò ṣáájú, kí ẹni tó ń tú u ní ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí àkọsílẹ̀ orúkọ ẹni tó tú u sì wà nípamọ́ fún ogójì ọdún.

Ṣé ìjọba Ọ̀yọ́ kò lè ṣe òfin tiwa ni?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ kò lè ṣòfin iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ ìkọ́lé àti ìwólé, kíkó ìdọ̀tí, àti iṣẹ́ àgbàṣe tí ìjọba ń gbé jáde wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Ó tó láti fi ṣe púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kọnturakítọ̀ pé iye owó títú asbestos dá wà, pé àsìkò ìsinmi ni yóò ṣe é, àti pé wọn ò ní sanwó títí yóò fi mú ìwé ibi tó rì í sí wá. Ìwé àdéhùn lásán ni, kò nílò aṣòfin kankan.

Ọ̀gá mi ní bí n kò bá lè tú u, kí n máa lọ sílé. Kí ni kí n ṣe?

Àdéhùn 155 sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ewu ńlá tó dé tán, tó sì ní ìdí gidi fún un, kò yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ní 2022, Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé sọ ibi iṣẹ́ tó láàbò di ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tí ebi ń pa kò lè fi èyí ra gàrí.

Ẹ má dá lọ bá ọ̀gá. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ béèrè ohun tí kò wọ́n: omi, ọ̀rá, irinṣẹ́ ọwọ́, ìbòmú gidi. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò mọ̀ ni. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gbà. Bí ó bá kọ̀, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi iṣẹ́, ẹ kọ déètì sí i.

Tí àìsàn bá ti dé, ta ni yóò san owó gbà-má-bínú?

Òfin gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, Employees' Compensation Act ti 2010, ní kí ọ̀gá máa san ìpín 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sí àpò tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ń bójú tó. Àìsàn tí iṣẹ́ fà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá létí, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìwé ìbéèrè owó sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan.

Ibi tó ti ta kókó nìyí: iléeṣẹ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lè ti kógbá sílé, ọ̀gá lè ti kú, káfíńtà tó ń dá ṣiṣẹ́ kò sì ní ẹni tó san owó fún un rí. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú ẹ̀rí nísinsìnyí tí ara ṣì le: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù, fọ́tò, orúkọ ẹni méjì tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí dókítà bá dárúkọ àìsàn náà fún yín, ẹ gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fòfin dè é. Kí ló dé tí a ò kúkú tú gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan?

Lóòótọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí funfun tó kù ní 1999, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2005, Gúúsù Áfíríkà ní 2008. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bràsíl fòfin dè é ní 2017, Amẹ́ríkà sì gbé òfin jáde lórí chrysotile ní 2024. Òfin bẹ́ẹ̀ ń dá tuntun dúró; kì í ká èyí tó ti wà lórí ilé. Àwọn ilẹ̀ tó ti fòfin dè é láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń náwó gọbọi lórí èyí tó kù.

Bí a bá sì ní kí gbogbo Ìbàdàn tú tirẹ̀ lọ́dún kan, pẹ̀lú òòlù àti ìgbálẹ̀ tí a ní lọ́wọ́ yìí, eruku tí a ó tú sílẹ̀ lè ju èyí tí òrùlé wọ̀nyí ì bá tú ní ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Èyí tó ti fọ́ ni ká kọ́kọ́ mú: kíláàsì tí àjà rẹ̀ ti ń wó sórí àwọn ọmọ, iléeṣẹ́ tí ohun tí wọ́n fi wé páìpù rẹ̀ ti ń ṣí. Èyí tó bá ṣì dára, ká kọ àmì sí i, ká máa wò ó lọ́dọọdún, títí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi pọ̀ tó láti tú u.